Fóòmù kan ṣoṣo lórí pápá

Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi ní yàrá ìtọ́jú ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní síkì-bè. Ọjọ́, aago, orúkọ, kíláàsì, ohun tó ń ṣe ọmọ, oògùn tí mo fún un: gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà táàmù kejì, mò ń ka iye parasitamọ́ọ̀ tó ti lọ kí n lè béèrè òmíràn lọ́wọ́ pírínsípà, ni mo bá rí orúkọ ọmọ kan náà nígbà 11. Orí fífọ́. Inú rírun. Orí fífọ́. Òòyì. Inú rírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gún un níka fún àyẹ̀wò ibà, tí kò sí ibà lára rẹ̀. Nínú ìgbà 11 yẹn, mẹ́sàn-án ló jẹ́ àárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ òwúrọ̀.

Màá pè é ní Àlàó. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan mìíràn padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀, òun àti ìyá bàbá rẹ̀ sì gbà pé kí n kọ ọ́. Ọmọ ọdún 13 ni, ó wà ní JSS2, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn.

Òwúrọ̀ tí mi ò fún un lóògùn

Nígbà tó tún wá lọ́jọ́ kejì, mi ò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Mo ní kó jókòó, mo sì wò ó. Ètè rẹ̀ ti bó. Mo gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 37.5. Nígbà tí wọ́n wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kílò 41 ni mo kọ sílẹ̀ fún un. Pọ́dà pọ̀ lọ́rùn àti ní àyà rẹ̀ ju ti ọmọkùnrin lọ, àmọ́ òórùn kan wà lábẹ́ pọ́dà náà tí nọ́ọ̀sì kì í ṣì mọ̀.

"Àlàó, ṣé o ti mu omi láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Àná ńkọ́?"

Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Mo mu díẹ̀ lọ́sàn-án, mà. Mi ò fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀."

Ó ń tọ̀ọ́lé. Ó lé ní oṣù mẹ́fà tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn síníọ̀ méjì kan láti SS2 yóò gbé fóòmù rẹ̀ rù ú, wọn yóò sì mú un gba àárín pápá kọjá, níwájú ibi tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ti ń tò fún àdúrà òwúrọ̀. Àwọn tó kù nínú yàrá yóò máa pàtẹ́wọ́, wọn yóò máa kọrin. Fóòmù gbogbo ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tirẹ̀ nìkan ló ń sá lóòrùn. Lóru wọ́n á jí i, wọ́n á da omi tútù lé e lórí, wọ́n ní àwọn ń ràn án lọ́wọ́ kí oorun má bàa gbé e lọ jù. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Atọ̀ọ́lé ni. Fóònù jẹ́ èèwọ̀ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní fóònù, ó ya fídíò, fídíò náà sì dé orí WhatsApp. Nígbà tí Àlàó lọ sílé fún ìsinmi àárín táàmù, ọmọ ojúlé kejì ló kọ orin náà fún un kó tó gbé báàgì kalẹ̀.

Orí fífọ́ òwúrọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́. Orí ń fọ́ ọ lóòótọ́, inú sì ń run ún. Ọmọ tí wọ́n ń fìtínà lójoojúmọ́ kì í sábà wá sọ pé wọ́n ń fìtínà òun. Ara rẹ̀ ló máa ń bá a sọ ọ́. Èmi ló ń fi parasitamọ́ọ̀ pa ara náà lẹ́nu mọ́.

Ohun tí mo bàjẹ́

Inú bí mi. Kí n tó jẹun ọ̀sán mo ti dé ọ̀dọ̀ họ́ọ̀sì másítà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo dárúkọ àwọn síníọ̀ méjèèjì. Ènìyàn dáadáa ni, kò fi falẹ̀. Nígbà tí wọ́n tò ní ìrọ̀lẹ́, ó pe wọ́n jáde, ó na ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹgba 12, ó sì kéde fún gbogbo họ́sítẹ̀ẹ̀lì pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kan ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé yẹn yóò rí pípọ́n ojú òun.

Lóòótọ́, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Gààrí àti mílíìkì inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ pòórá. Ó ní orúkọ kejì: Ọmọ Nọ́ọ̀sì. Fún ọjọ́ mẹ́jọ kò wá sí síkì-bè. Lọ́jọ́ kẹsàn-án a pàdé ní ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí mi, ó yà sínú koríko. Ohun tó fi lé mi lọ́wọ́ ni mo gbé fún ẹlòmíràn láì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo ní láti jẹ́wọ́. Ní agboolé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọbìnrin kan wà tó ń tọ̀ọ́lé, àwọn àgbà a sì máa ní kó ru ẹní rẹ̀ yí agboolé ká, kí àwa ọmọdé tẹ̀lé e. Wọ́n gbà pé ìtìjú ni oògùn rẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo mọ orin náà títí di òní. Nítorí náà nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn síníọ̀ wọ̀nyẹn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Mà, eré ni, ilé la ti kọ́ ọ," mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa.

Ohun tí mo há sórí fún ìdánwò

Ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa nípa Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tó gbé láyé láti 1909 sí 1999. Ní 1952 ni ìwé rẹ̀ jáde, ìwé tó sọ pé àjọṣe tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti aláìsàn kì í ṣe ọ̀nà tí ìtọ́jú ń gbà kọjá lásán, òun gan-an ni ìtọ́jú. Ó ti parí ìwé náà ní 1948, ṣùgbọ́n ó dúró fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí nọ́ọ̀sì kọ̀wé láìsí dókítà tó fi orúkọ tirẹ̀ tì í. Ìpele mẹ́rin ló là sílẹ̀: kí ẹ kọ́kọ́ mọra, kí aláìsàn wá fọkàn tán ọ, kó wá máa lo ohun tí o ní láti fún un, kí ẹ tú ara yín sílẹ̀. Mo há a sórí, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gba máàkì. Mi ò rántí pé ohun tó kọ́kọ́ sọ nípa nọ́ọ̀sì ni pé àlejò ló jẹ́ fún aláìsàn, bí aláìsàn náà ṣe jẹ́ àlejò fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò kì í wọlé kó máa kó ẹrù onílé síta. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Peplau tún pín ìpayà sí ọ̀nà mẹ́rin, láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó dé góńgó. Bí ìpayà bá ṣe ń le sí i ni ohun tí ènìyàn ń rí tó sì ń gbọ́ yóò máa kéré sí i, títí kò fi ní ríran kọjá ohun tó ń dẹ́rù bà á. Lọ́jọ́ tí Àlàó sọ tẹnu rẹ̀, mo fi bí ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé omi mímu àti àpò ìtọ̀ fún un. Ó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lemọ́lemọ́. Kò gbọ́ ìkankan.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ pírínsípà kí ọmọ náà máa wá bá mi ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin sí mẹ́rin ààbọ̀. Iṣẹ́ náà ni gígé gọ́ọ̀sì àti yíyí òwú kó tó wọ agolo tí a fi ń sè wọ́n. Ìdí méjì ni mo fi yan iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ kan bá bi í ní ibi tó ń lọ, ó ní èsì. Èkejì ni pé ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò ní láti wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, pàápàá ọmọ Yorùbá tí a ti kọ́ pé kó má tẹ ojú mọ́ àgbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo tọrọ àforíjì. Mo ní, "Àlàó, mo ṣe ọ́ ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ ni, mi ò bi ọ́ kí n tó gbé e jáde. Má bínú."

Ó dìde lórí àga. "Ẹ má bẹ̀ mí, mà." Kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Mo rò pé kò tíì sí àgbà tó bẹ̀ ẹ́ rí. A gé gọ́ọ̀sì títí aago mẹ́rin ààbọ̀ fi lù, kò sọ nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ kejì náà kò sọ nǹkan. Mo máa ń wà níbẹ̀ kó tó dé, mi ò sì yẹ àdéhùn náà lẹ́ẹ̀kan, àní lọ́jọ́ tí ọmọ kan dá lẹ́sẹ̀ ní pápá. Mo ní kó bá mi di báńdéèjì náà mú.

Bàbá tó rìnrìn àjò

Ìgbà kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni kò ti tọ̀ọ́lé mọ́, ọdún tó kọjá ló tún padà dé. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀: ọmọ tí kò fi ìgbà kan dáwọ́ dúró yàtọ̀ sí ọmọ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ti èkejì yìí, wàá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kú, lóru. Wọ́n gbé Àlàó láti orí ibùsùn lọ sí ilé aládùúgbò. Nígbà tó béèrè, wọ́n ní bàbá rìnrìn àjò. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń retí rẹ̀, orí ìjà àwọn ọmọdé ló ti wá gbọ́ pé wọ́n ti sin ín. Ìyá rẹ̀ padà sí ìdí ọjà ní Èkó, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ló wà, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì mú un wá sí bọ́dìn.

Mi ò torí ìtàn yìí fi ara sílẹ̀. Mo fi pépà àyẹ̀wò sínú ìtọ̀ rẹ̀: kò sí ṣúgà, kò sí àmì kòkòrò, kò sí ẹ̀jẹ̀. Jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS. Mo wò ó nítorí pé ọmọ tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS a máa tọ̀ọ́lé ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kíndìnrín rẹ̀ kì í lè fa omi padà láti inú ìtọ̀ dáadáa. Nígbà tí mo fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì le. Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tó ti yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ọgbọ́n tó fẹ́ fi bo ara rẹ̀ láṣìírí ló ń tú u: kò mu omi, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ń ta àpò ìtọ̀ lára, ìgbẹ́ gbẹ, ó tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá fóòmù nínú omi. Mo ní kó máa mu omi dáadáa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó dín in kù ní ìrọ̀lẹ́, kó fi tíì àti kóòkì sílẹ̀, kó máa jẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ, kó sì tọ̀ kó tó sùn. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́, ó tiẹ̀ bi mí léèrè bí ìbẹ́pẹ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà mo bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára àwọn ọ̀dọ́langba. Ó gba 16 nínú 27; bí iye náà bá ṣe ga tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà ṣe le tó. Ìbéèrè kẹsàn-án ni àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn máa ń fò, nítorí wọ́n rò pé bíbéèrè lè fi í sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo bi í ní gbangba: ṣé ó máa ń ronú pé ikú sàn fún òun?

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe nǹkan kan, mà. Ó kàn máa ń wù mí kí n sùn, kí ilẹ̀ má mọ́."

Mo fi ọ̀bẹ gọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi. Èyí kò ṣeé gbé mì. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò yan ẹni tí n ó kọ́kọ́ sọ fún, wàá sì gbọ́ ohun tí n ó sọ kí n tó sọ ọ́." Ó ronú díẹ̀. Ìyá àgbà ló yàn.

Ìyá àgbà

Mama dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ike àgúnmu kan nínú àpò. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà, ká má bàa da méjì pọ̀." Wọ́n gbà. Wọ́n sùn ní síkì-bè lọ́dọ̀ ọmọ wọn fún òru mẹ́ta, kò sí ìṣẹ́jú kan tí ọmọ náà dá wà. A lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ rí i, wọn kò fún un lóògùn, wọ́n ní kó máa wá fún ìgbaninímọ̀ràn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ń kùn pé ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ilé àwọn ìyá àgbà. Mo sọ ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo fún wọn, ẹni tó jẹ́ pé ní 1954, ní Àrò, Abẹ́òkúta, ó mú àwọn aláìsàn ọpọlọ jáde kúrò lẹ́yìn ògiri, ó sì fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ẹbí wọn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Bí ẹbí bá wúlò fún aláìsàn tó ti dàgbà, ṣé ọmọ ọdún 13 ni kò wúlò fún?

Òwúrọ̀ kejì, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo gbọ́ ohùn Mama láti inú yàrá. Wọ́n ń ki ọmọ wọn. Wọ́n ki í dé orí bàbá rẹ̀, dé orí bàbá bàbá rẹ̀. Fún oṣù mélòó kan, Atọ̀ọ́lé nìkan ló ń gbọ́ láàárọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi gbígbóná lọ́wọ́, mi ò wọlé títí wọ́n fi parí. Kí wọ́n tó lọ, Mama bi mí bóyá ó burú kí ọmọdé dé ìdí sàréè. Mo ní kò burú. Ní ìsinmi wọ́n mú un lọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, mi ò sì béèrè.

Yàrá ọlọ́mọ 24

Dan Olweus, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ní Bergen ní Norway, fi àmì mẹ́ta sílẹ̀ fún irú ìfìyàjẹni yìí: ó jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún kò sì ní agbára tó lè fi gba ara rẹ̀. Norway bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lórí rẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní 1983, lẹ́yìn tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní òpin 1982. Èyí tó wúlò fún mi jù nínú iṣẹ́ Olweus ni pé kì í wo aṣebi àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan. Ó ń wo àwọn tó dúró yí wọn ká. Ọmọ 24 ló wà nínú yàrá Àlàó. Méjì ló ń gbé fóòmù rù ú. Àwọn tó kù ló ń pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, kí n tó padà lọ bá pírínsípà, mo ka ohun tí n ó sọ fún Àlàó, ó ní kí n yọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kúrò, mo yọ ọ́. Mo gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 dání, èyí tó ní kò gbọdọ̀ sí ìyà tàbí ìwà tó ń tẹ́ ọmọ. Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ fóòmù ló wọ pírínsípà létí ju òfin lọ. A fẹnu kò pé ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo fóòmù, ti síníọ̀ àti ti júníọ̀, ni yóò jáde sí oòrùn. Mátírọ̀n wá ọ̀nà rán ọ̀rá bo fóòmù mẹ́rin, nítorí kì í ṣe Àlàó nìkan ló ń tọ̀ọ́lé. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni gílóòbù. Mo rìn láti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé ilé ìtọ̀ lóru: ìṣísẹ̀ 60, nínú òkùnkùn biribiri, gílóòbù ti jó láti táàmù àkọ́kọ́. Ta ló máa dìde lọ síbẹ̀? Ọjọ́ kan náà la pààrọ̀ rẹ̀.

Mo wọ yàrá náà, mo bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ nípa àpò ìtọ̀ bí ẹni ń kọ́ wọn ní báyọ́lọ́jì, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo parí, ọmọkùnrin kékeré kan tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè Àlàó na ọwọ́. "Mà, ṣé ó máa ń ràn ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kò ràn. Ó mí kanlẹ̀. Oṣù mélòó kan ló fi ń sùn lókè pẹ̀lú ẹ̀rù pé yóò ran òun! Ọmọ yìí ló wá ń jí Àlàó láago méjì òru kí wọ́n jọ lọ tọ̀, nítorí ẹ̀rù òkùnkùn ń ba òun náà. Èmi kọ́ ni mo rán an.

Nínú àwọn síníọ̀ méjèèjì, ìyá ọ̀kan fi ipá mú un wá bẹ̀bẹ̀; ó sọ ọ́ bí ẹni ka ìwé, mi ò sì ro pé ó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èkejì kò bẹ̀bẹ̀ títí ó fi jáde. Ó sọ fún mi pé wọ́n da omi tútù lé òun náà lórí ní JSS1, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó bá òun gé gọ́ọ̀sì. Mi ò rí èsì fún un.

Ibi tó dé

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, àmì 16 ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ti di 7, èsì ìbéèrè kẹsàn-án sì ti di òfo. Kílò 40. Láti òru mẹ́fà tó ń tọ̀ọ́lé lọ́sẹ̀, ó di ẹyọ kan, nígbà mìíràn méjì. Fídíò náà ṣì wà níbi tó wà; a ò lè kó o padà. Ní òpin sáà, Mama mú un kúrò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ láti ilé. Ó dùn mí bí ẹni pé mo pàdánù, títí mo fi rántí pé ìpele kẹrin Peplau nìyẹn, èyí tí mo máa ń kọ ní ìlà kan péré nínú ìdánwò. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn ó gé gọ́ọ̀sì 38, ó ní ó ku méjì kó pé 40, ó jókòó gé méjì náà.

Ní táàmù tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́rin. Ó ti ga. Mama fi àkàrà àti ẹ̀kọ rán an sí mi. Ó ṣí agolo, ó wo inú rẹ̀, ó ní gọ́ọ̀sì wọ̀nyí tóbi jù, ta ló gé wọn? Nígbà tó lọ, mo ṣí ìwé ńlá. Mo kọ ọjọ́, mo kọ aago, mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Níbi ohun tó ń ṣe ọmọ, mo fa ìlà.